Ìyá Olójú àti Àwọn Ẹyẹ Kéékèèké Inú Esùsú

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ. Ní ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, yàrá ẹ̀rọ ló wà, níbi tí ọgọ́fà ẹ̀rọ ti ń hunṣọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹnu ni wọ́n máa ń wò níbẹ̀, wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá ń rojọ́ ọkọ rẹ̀ ní igun kan yàrá náà, ẹni tó wà ní igun kejì á ti mọ gbogbo ẹjọ́ ọ̀hún láìgbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Ní ọdún kẹwàá, wọ́n gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Tábìlì ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé dúró gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, iná funfun méjì sì wà lókè rẹ̀. Aṣọ á máa rọra yọ́ kọjá lórí tábìlì náà, òun á sì máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí òwú bá ti já tàbí ibi tí àbàwọ́n bá wà. Gbogbo àwọn tó wà ní yàrá náà ló lè ṣe ìyẹn. Ohun tí ẹlòmíì ò lè ṣe bíi tirẹ̀ ni mímọ àwọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní kí wọ́n hun kákí ọgọ́rin ìgàn fún àwọn, obìnrin yìí sì dá mọ́kànlá padà, ó ní wọn ò jọ àwọn yòókù. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá, ó wò ó títí, ó ní kákí ni kákí ń jẹ́. Obìnrin náà ò bá a jiyàn. Ó ní kí wọ́n gbé ìgàn kan lára mọ́kànlá náà àti ìgàn kan lára àwọn yòókù síta, kí wọ́n tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú oòrùn. Ọ̀gá wò wọ́n, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ló padà sókè. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe obìnrin náà ní Ìyá Olójú, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ogójì ọdún nígbà náà.

Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló tó mọ ohun tí yàrá ẹ̀rọ ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni wọ́n jọ ń gbé ní yàrá méjì kan lókè ilé alájà mẹ́ta. Kẹ́tùlù wọn máa ń fọn fèrè bí omi bá hó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà tibi iṣẹ́ dé, ó bá ìyá rẹ̀ lórí àga, tó ń ṣẹ́ etí aṣọ jẹ́jẹ́, kẹ́tùlù sì ti gbẹ láúláú, ìdí rẹ̀ ti pọ́n lórí iná.

"Màámi, ẹ ò gbọ́ ni?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́?"

Ọmọ náà sáré pa iná. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ló mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí. Wọ́n fi ìgbọ́rọ̀sí méjì dé e létí, wọ́n fún un ní bọ́tìnnì kan, wọ́n ní bó bá ti gbọ́ ohùn, kó tẹ̀ ẹ́. Ó jókòó. Ó tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà díẹ̀, ó wá dákẹ́, ó ń retí. Ó retí títí.

"Dókítà, ìgbà wo lẹ máa ṣe ìyókù?"

"A ti ṣe é tán, Màámá."

Dókítà náà ṣàlàyé fún un. Etí rẹ̀ ò di. Ohùn tó bá nípọn ṣì ń wọlé, ó lè bá èèyàn sọ̀rọ̀, ó lè gbọ́ ìró mọ́tò. Àwọn ohùn tó tín-ín-rín ni ẹ̀rọ ti jẹ lọ, wọn ò sì ní padà mọ́, kódà bí ó bá fi ẹ̀rọ etí sí i. Ìfúnpá rẹ̀ náà sì ga díẹ̀. Kó máa rìn láràárọ̀.

Bó ṣe di ẹni tó ń rìn nìyẹn. Lẹ́yìn ilé wọn, bí èèyàn bá gba títì kejì, adágún ilé-iṣẹ́ omi wà níbẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan yí i ká, igi wà ní apá kan, esùsú tó ga ju èèyàn lọ sì hù sí apá kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ló pàdé bàbá kan tó dúró gbọnin bí òpó iná, tó gbé awò ìwòjìnnà sójú. Gbogbo àdúgbò mọ bàbá náà. Òun ló ń pín lẹ́tà káàkiri kó tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Onílẹ́tà sì ni wọ́n ṣì ń pè é. Ìyá Olójú kí i, ó bi í pé kí ló ń wò.

"Ẹyẹ ni mò ń wò. Mò ń kà wọ́n fún ọ́fíìsì kan tó ń kọ iye wọn sílẹ̀. Ẹ wá wò ó."

Ó gbé awò náà fún un. Ẹyẹ kan wà nínú ewé igi, kò ju àtàǹpàkò èèyàn méjì lọ, ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára. Òmíràn tún wà lórí ẹ̀ka kejì.

"Oríṣi kan náà ni," ni Ìyá Olójú wí.

"Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n. Bí ìbejì ni wọ́n ṣe jọra, orin wọn nìkan lèèyàn fi ń mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan á kàn máa pe ọ̀rọ̀ méjì kan náà ní àpètúnpè. Ìkejì á gbé e látòkè, á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ti orí àtẹ̀gùn bọ̀. Ẹ tẹ́tí. Òun nìyẹn. Ẹ gbọ́ ọ?"

Ìyá Olójú rí ọ̀fun ẹyẹ náà tó ń mì. Ó rí ẹnu rẹ̀ tó là. Ó rí i pé gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń kọrin ọ̀hún. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó dá awò padà, ó sì sọ òtítọ́ fún bàbá náà. Bàbá Onílẹ́tà káàánú rẹ̀, èèyàn dáadáa ni. "Ẹ fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ ni," ló wí. "Pẹ́pẹ́yẹ wà lórí omi lọ́hùn-ún. Ìyẹn tóbi, àwọ̀ rẹ̀ sì hàn dáadáa."

"Bàbá, ọdún méjìlélógún ni mo fi ya kákí kúrò lára kákí. Ẹ má fi pẹ́pẹ́yẹ bù mí kù."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Lọ́jọ́ kejì ó mú awò rẹ̀ àtijọ́ wá fún un. Etí kan ti fọ́ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n gíláàsì rẹ̀ mọ́ kedere.

Oṣù àkọ́kọ́, ewé ló ń wò. Aṣọ máa ń yọ́ kọjá ní ìwọ̀n tí èèyàn fẹ́, bí ojú bá kán, èèyàn lè dá ẹ̀rọ dúró. Ẹyẹ ò ní ibi tí wọ́n ti ń dá a dúró. Bó bá ti gbé awò sójú, ẹyẹ ti fò lọ. Bó bá gbé awò kúrò, ẹyẹ á padà wá. Ó mú àpótí ìjókòó kékeré kan dání, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní yàrá àyẹ̀wò: kì í wo gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Lọ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ nìkan ló wò. Ó rí i pé àwọn kan lẹ́sẹ̀ dúdú bí èédú, àwọn kan sì lẹ́sẹ̀ tó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ bí iyanrìn. Ó sáré kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ kejì ó rí ẹlẹ́sẹ̀ èédú kan tó bọ́ sínú omi láti wẹ̀, nígbà tó sì jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di ti iyanrìn. Ẹrẹ̀ lásán ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fa ìlà kọjá lórí gbogbo ohun tó kọ, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: *ẹsẹ̀ nìkan ò tó.*

Lọ́sẹ̀ kejì, apá ló wò. Nígbà tí ẹyẹ bá pa apá dé, ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ máa ń yọ jáde síhà ìrù. Ti ẹlẹ́sẹ̀ iyanrìn yọ gùn, bí apá ẹ̀wù tó bo ọwọ́ tán. Ti ẹlẹ́sẹ̀ èédú kúrú. Lọ́sẹ̀ kẹta, ìrù ló wò, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó dìde lórí àpótí láìmọ̀. Gbogbo ìgbà ni ẹlẹ́sẹ̀ èédú ń ki ìrù rẹ̀ sísàlẹ̀, bó ṣe ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, bí ẹni tó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹlẹ́sẹ̀ iyanrìn kì í ṣe é. Ẹsẹ̀, apá, ìrù: bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹnu kò, ọ̀rọ̀ parí.

Tinú esùsú ló le jù. Oríṣi ẹyẹ méjì ló wà níbẹ̀ tí Bàbá Onílẹ́tà fúnra rẹ̀ ní kò sẹ́ni tó lè fojú yà sọ́tọ̀. Apá kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ìyá Olójú fi gbogbo ọdún kan wò wọ́n. Ní ìparí rẹ̀, òwúrọ̀ kan tí ìkuukùu bo oòrùn díẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ sì dúró jẹ́jẹ́ bíi ti iná funfun méjì tó wà lókè tábìlì ọjọ́sí, àwọn méjèèjì gun esùsú kan náà, wọ́n kẹ̀yìn sí i. Ó wo ìdí wọn, níbi tí ẹ̀yìn ti pàdé ìrù. Kákí méjì ni. Ọ̀kan ní pupa nínú. Ìkejì ní àwọ̀ ewé nínú. Ó gbé awò sílẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó tún gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Kò sọ bó ṣe ń mọ̀ wọ́n fún ẹnikẹ́ni títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, á dúró ti Bàbá Onílẹ́tà, á na ìka sí ẹyẹ inú esùsú, á ní "onípupa" tàbí "aláwọ̀ ewé". Bàbá á dúró kí ẹyẹ náà kọrin. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlélógún, tí kò tíì ṣì í lẹ́ẹ̀kan, bàbá náà jókòó sórí koríko tútù.

"Ìyá Olójú," ló wí, "ẹ lọ ṣe ìdánwò ọ́fíìsì wa. Ẹ gba káàdì. Ẹ di ẹni tó ń ka ẹyẹ pẹ̀lú òǹtẹ̀."

Ìdánwò náà bọ́ sí àsìkò tí àwọn ẹyẹ ń kọrin. Àwọn mẹ́jọ ló wá. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọkùnrin apòògùn kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ọjà, tó wọ bàtà tuntun. Obìnrin kan tó tó ọmọ bíbí inú Ìyá Olójú ni olùdánwò. Ó kó wọn wọ inú igbó kìjikìji kan. Ewé ti bo gbogbo nǹkan. Ó dá wọn dúró, ó wo aago.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ kọ gbogbo ẹyẹ tí ẹ bá gbọ́."

Ojú ibi mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Àwọn méje yòókù ń kọ̀wé bí ẹni tí wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ fún. Ìyá Olójú ń wá inú ewé, ìgbà tó bá rí ẹyẹ kan, ó kọ ọ́, èyí tó kọ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹyẹ mẹ́fà mìíràn ti kọrin kọjá lórí rẹ̀. Máàkì márùndínláàádọ́ta nínú ọgọ́ta lèèyàn fi ń yege. Mọ́kàndínlógún ló gbà.

"Ojú yín dára púpọ̀, Màámá," ni olùdánwò sọ fún un. "Àmọ́ iṣẹ́ etí niṣẹ́ yìí."

Apòògùn náà, tó ti yege, fọwọ́ kàn án léjìká. "Màámá, kì í ṣe tipátipá. Ẹ máa sinmi yín." Kò ní i lọ́kàn láti bú u. Ọ̀rọ̀ náà sì gún un dé ọkàn.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ tibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ náà, ó bá gbogbo kọ́tìnì ilé nínú omi ọṣẹ.

"Màámi, Sátidé tó kọjá lẹ fọ àwọn kọ́tìnì yìí."

"Wọn ò mọ́."

"Wọ́n mọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó sọ fún un. Ọmọ náà ti dúró lórí ẹsẹ̀ láti ìdájí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. "Màámi, ẹyẹ lásán ni. Gbogbo wọn jọra. Ta ló bìkítà èwo lèwo?"

Ìyá Olójú fún kọ́tìnì kan, ó fún un títí omi fi tán lára rẹ̀. "Ìwọ náà," ló wí, kò sì gbé ohùn sókè.

Ọmọ náà wọ yàrá. Ó ṣe díẹ̀, ó jáde pẹ̀lú pépà àti bírò, ó fa àga, ó jókòó ti bàfù omi ọṣẹ náà. "Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún wọn. Màá kọ ọ́. Ẹ má bẹ̀bẹ̀."

"N ò ní bẹ̀bẹ̀."

Lẹ́tà náà ò gùn. Ó ní òun ò tọrọ máàkì. Ó ní ìbéèrè kan lòun ní: nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni àwọn ẹyẹ yìí fi ń kọrin lọ́dún, nínú oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń panu mọ́, ta ló ń mọ èwo lèwo nínú wọn, báwo ló sì ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ọmọ rẹ̀ kà á padà fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Ó ju oṣù kan lọ kí èsì tó dé. Olùdánwò yẹn ló kọ ọ́. Ó ní òfin ṣì ni òfin, ṣùgbọ́n òun ti ń ro ìbéèrè náà. Àwọn máa ta àwọ̀n sí ẹ̀bá adágún nígbà tí àwọn ẹyẹ bá ń ṣí kọjá, láti so òrùka tó ní nọ́ńbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, kí ẹni tó bá tún mú wọn lè mọ ibi tí wọ́n ti wá. Àwọn nílò ẹni tó máa bá àwọn gbé àpò. Ṣé Màámá lè wá?

"Àpò," ni ọmọ rẹ̀ wí, ó fajú ro.

"Màá gbé àpò," ni Ìyá Olójú wí.

Àsìkò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ẹyẹ kún inú esùsú, wọ́n ń jẹun fún ìrìn àjò, kò sì sí ẹyọ kan tó ń kọrin. Wọ́n ti ta àwọ̀n tó fẹ́lẹ́ bí òwú aláǹtakùn sáàárín òpó. Ẹyẹ tó bá kó sí i, wọ́n á rọra tú u, wọ́n á fi í sínú àpò aṣọ kékeré, wọ́n á gbé e dé orí tábìlì. Níbẹ̀ ni olùdánwò á ti fi rúlà wọn apá rẹ̀, á yẹ ìyẹ́ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á wo ìwé, kó tó sọ oríṣi tó jẹ́. Apòògùn ló di bírò mú.

Ìyá Olójú gbé àpò mẹ́ta wá lẹ́ẹ̀kan náà, ó tò wọ́n sórí tábìlì. "Aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ewé, onípupa," ló wí, ó sì yíjú láti padà lọ.

Olùdánwò ti wọn méjì àkọ́kọ́ tán, oríṣi kan náà ni wọ́n, kó tó gbójú sókè. Ó yára wọn ẹ̀kẹta, oríṣi kejì ni. "Màámá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ta ló sọ fún yín?"

"Mo rí wọn kí wọ́n tó kó sínú àwọ̀n."

"Kí lẹ rí?"

"Ìdí wọn."

Apòògùn bú sẹ́rìn-ín. Olùdánwò ò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìlà sí àárín ojú ewé tuntun, ó ní kí apòògùn máa kọ ohun tí Màámá bá wí sí apá òsì kí wọ́n tó mú ẹyẹ kúrò nínú àwọ̀n, kó sì kọ ohun tí rúlà bá wí sí apá ọ̀tún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìyá Olójú ò kánjú. Á dúró sí ojú ọ̀nà, á wo inú esùsú, á sọ ọ́, apòògùn á kọ ọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ èédú. Onípupa. Ẹlẹ́sẹ̀ iyanrìn. Aláwọ̀ ewé. Nígbà tí wọ́n dé ogún, apòògùn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ọgbọ̀n, ó ti yọ fìlà. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, ẹyẹ mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n ti mú, òsì àti ọ̀tún sì bára mu níbi márùndínláàádọ́ta. Ẹyọ kan tí kò bára mu ni ọmọ ẹyẹ kan tí ìrù rẹ̀ ò tíì hù tán.

"Ọmọdé ló tàn mí jẹ," ni Ìyá Olójú wí, ó sì ní kí wọ́n kọ àṣìṣe náà sílẹ̀ kedere.

Wọ́n ti ń ronú láti ká àwọ̀n nígbà tí ọ̀kan sí i kó sínú rẹ̀. Ìyá Olójú ti ń wò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Apòògùn gbé bírò dúró.

"Kí ni kí n kọ, Màámá?"

"Má tíì kọ nǹkan kan."

Olùdánwò mú un jáde, ó yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀. "Aláwọ̀ ewé ni."

"Kì í ṣe òun."

"Onípupa nìyẹn."

"Kì í ṣe òun náà." Ó sún mọ́ tábìlì. "Ìdí rẹ̀ ò ní pupa, kò sì ní àwọ̀ ewé. Ó rẹ́súrẹ́sú, bíi kákí tí wọ́n ti fọ̀ nígbà ogún. Apá rẹ̀ kúrú ju ti gbogbo wọn lọ. Ìlà funfun tó wà lójú rẹ̀ nípọn níwájú, ó sì parẹ́ bó ṣe dé ẹyinjú. Nígbà tó jókòó sórí esùsú, ó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbé orí sókè, ó gbé ìrù sókè. N ò rí irú rẹ̀ rí. N ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀kan nínú tiwa."

Olùdánwò wọn apá rẹ̀. Ó tún un wọ̀n. Ó pín àwọn ìyẹ́ apá rẹ̀ níyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ibi kékeré kan tó wọnú létí ìkejì wọn, ó sì ní kí wọ́n bá òun ṣí ìwé sí ojú ewé kan tí kò sẹ́ni tó máa ń ṣí. Ó fún ẹlòmíì ní rúlà kó wọ̀n ọ́n ní ẹ̀kẹta. Iye kan náà ni.

"Kò yẹ kí ẹyẹ yìí wà níbí," ló wí. "Ọ̀nà tó ń gbà jìnnà sí ibí yìí gan-an. Wọn ò rí i rí ní gbogbo agbègbè yìí."

"Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan sọ fún un pé ó ti ṣìnà," ni Ìyá Olójú dá a lóhùn.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín nígbà náà, olùdánwò pàápàá, omi sì wà lójú rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò ẹyẹ náà, wọ́n so òrùka mọ́ ọn, ìyẹ́ kékeré kan tó bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n fi í sínú àpòòwé. Wọ́n wá gbé ẹyẹ náà lé Ìyá Olójú lọ́wọ́ pé òun ni kó tú u sílẹ̀. Ó fúyẹ́ débi tó fi wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà pé nǹkan wà lọ́wọ́ òun. Ó la ọwọ́, ẹyẹ náà sì fò padà sínú esùsú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn àgbà ọ́fíìsì fi yẹ fọ́tò àti ìyẹ́ náà wò. Lẹ́tà tí wọ́n kọ ní òǹtẹ̀ pupa nísàlẹ̀. Wọ́n ní ẹyẹ náà ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n máa kọ sínú ìwé ńlá agbègbè náà, wọ́n sì kọ orúkọ Ìyá Olójú ní kíkún síbi tí wọ́n ti ń kọ ẹni tó kọ́kọ́ dá a mọ̀. Lẹ́tà kejì wà nínú àpòòwé kan náà. Láti ọdún yẹn lọ, ìdánwò á di méjì: ti etí, àti ti ojú. Ẹni tí etí rẹ̀ ò bá gbé ohùn tó tín-ín-rín lè ṣe ti ojú nìkan, ní àsìkò tí àwọn ẹyẹ bá dákẹ́. Olùdánwò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí etí pépà pé ìbéèrè Màámá ló fà á, àti pé òun ò tíì rí ìdáhùn gidi sí i.

Ìyá Olójú padà lọ ṣe ìdánwò ojú náà. Ọmọ rẹ̀ gbàyè níbi iṣẹ́, ó tẹ̀ lé e, ó jókòó lórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé awò àtijọ́ yẹn sójú nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Méjìdínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́ta ni Ìyá Olójú gbà. Àwọn méjì kan tí etí wọn dá ṣáká ṣe ti ojú pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ò sì yege. Apòògùn ò tilẹ̀ dúró kí wọ́n pe máàkì tán kó tó wá bá a.

"Màámá, ẹ jọ̀ọ́, mo wá bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí mo sọ níjọ́sí. Mo sì fẹ́ kí ẹ kọ́ mi."

"Kì í ṣe tipátipá," ló wí, ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. "Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń débẹ̀. Mú àpótí ìjókòó tìẹ dání."

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ọmọ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ẹyẹ kan wà lórí ẹ̀ka lókè wọn. "Màámi, ó ń ki ìrù bọlẹ̀. Ṣé ẹlẹ́sẹ̀ èédú nìyẹn?" Ìyá Olójú di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Gbogbo ẹ̀bá omi náà, láti ẹnu géètì dé ibi tí páìpù ńlá ti wọlẹ̀, ni ọ́fíìsì fi sábẹ́ Ìyá Olójú kó máa ka ẹyẹ ibẹ̀. Bàbá Onílẹ́tà gba ti apá igi, ó ní ọrùn òun ò tẹ̀ sílẹ̀ mọ́, àwọn tó wà lókè ló kù tí òun lè wò. Láràárọ̀ Sátidé, èèyàn mọ́kànlá tó wá kọ́ ẹyẹ wíwò ló máa ń tò tẹ̀ lé Ìyá Olójú lórí ọ̀nà tóóró náà. Apòògùn ló máa ń kẹ́yìn, bàtà rẹ̀ kì í ṣe tuntun mọ́. Ní Sátidé kan, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn gbé ìka sókè.

"Mo gbọ́ ọ, Màámá. Inú esùsú ibẹ̀ yẹn ló ti dún."

"Ìwọ lo gbọ́ ọ, o ṣeun," ni Ìyá Olójú wí, ó gbé awò sójú, ó sì bọ́ síwájú wọn. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."